Efinrin Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Imú ni í kọ́kọ́ mọ efinrin, ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a kiri. Kí ènìyàn gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, kí etí aṣọ rẹ̀ kan ewé náà fẹ́rẹ́, òórùn ti dé. Ara ewé yìí kún fún àpò òróró kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Bí nǹkan bá ti fara kàn wọ́n, wọ́n á bẹ́, òróró inú wọn á sì tú sáfẹ́fẹ́. Ohun tó mú kí àwọn ìyá wa máa fi ọwọ́ ra á kí wọ́n tó dà á sínú ọbẹ̀ nìyẹn.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Efinrin ńlá, ewé rẹ̀ fẹ̀, etí ewé náà ní eyín, bí a bá sì fi í sílẹ̀ ó lè ga ju àgbàlagbà lọ. Efinrin wẹ́wẹ́ kúrú sílẹ̀, ewé tirẹ̀ kéré. Ẹni tó bá fi ìka yí igi èyíkéyìí nínú wọn ká yóò rí i pé kì í ṣe róbótó, igun mẹ́rin ló ní. Àmì ìdílé wọn ni. Míńtì tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ ìfọyín náà ní irú igi bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Lọ́dún 1753 ni Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, kọ efinrin ńlá sílẹ̀ ní Ocimum gratissimum. Ṣùgbọ́n òórùn efinrin ńlá pàápàá kò dọ́gba níbi gbogbo. Òmíràn ń rùn bíi kànáfùrù, nítorí eugenol tó wà nínú kànáfùrù ló wà nínú òun náà. Òmíràn ní thymol púpọ̀, èyí sì máa ń ta sí imú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa gbígbìn ín nìyí: ẹ gbìn ín síbi tí ọwọ́ yóò ti máa tó o. Efinrin tó wà lẹ́yìn ọgbà, tí ènìyàn ní láti wọ bàtà kó tó débẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò já a lálẹ́ nígbà tí ọbẹ̀ ti ń hó. Efinrin tí a kì í já ló sì ń bàjẹ́. Bó bá ti yọ òdòdó, gbogbo agbára rẹ̀ á lọ sí irúgbìn, ewé á kéré, igi á le koránkorán. Àwọn kan ń ṣàánú rẹ̀, wọn ò fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn án. Àánú tó ń sọ ọ́ di igi ìdáná nìyẹn. Ṣe ni kí a gé orí ẹ̀ka, díẹ̀ sókè oríkèé tí ewé méjì ti dojú kọra wọn. Níbẹ̀ ni ẹ̀ka méjì yóò ti sọ jáde dípò ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní ju ìdí kan lọ lè fi ọ̀kan sílẹ̀ kó yọ òdòdó fún àwọn oyin, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ike ọ̀dà tí a ti fọ̀ mọ́ tó o. Kí a lu ìdí rẹ̀ níhò, nítorí omi tó dá dúró ń mú gbòǹgbò jẹrà. Ilẹ̀dú ni kó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí iyanrìn díẹ̀ bá a rìn, àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa. Tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Irúgbìn efinrin kéré débi pé èémí lè gbé e lọ, nítorí náà a kì í bò ó mọ́lẹ̀: a ó fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tútù, a ó sì máa fi ọwọ́ wọ́n omi sí i. Ọ̀nà tó yá jù ni kí a tọrọ ẹ̀ka tí kò tíì yọ òdòdó lọ́wọ́ aládùúgbò, kí a já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, kí a kì í bọ ife omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbòǹgbò ti jáde.

Oòrùn ló ń fún un ní òróró. Èyí tó wà lábẹ́ ibòji máa ń rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, òórùn rẹ̀ kì í sì í dé ọ̀nà jíjìn. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ inú ike ń gbẹ kíákíá ju ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ, a lè ní láti bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn ewé mìíràn náà lè bá efinrin gbé. Ewé rinrin lè wá hù fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike náà, níbi tí omi ń jò sí. Ẹ jẹ́ kó wà. Ewé àbámọdá kò tilẹ̀ nílò irúgbìn: tẹ́ ewé rẹ̀ kan sórí ilẹ̀, ọmọ á hù yí etí rẹ̀ ká. Ewúro ni kò yẹ kí a há mọ́ inú ike, igi ló fẹ́ dà.

Bí a bá ń gbìn ín sílẹ̀, ká jìnnà sí gọ́tà àti ẹ̀gbẹ́ títì. Mo máa ń rí efinrin tó tutù yọ̀yọ̀ lẹ́bàá ṣalángá, tí wọ́n ń já a fún àgbo inú rírun, ẹnu á yà mí. Ní ti ẹ̀fọn, òótọ́ ni pé kò fẹ́ òórùn efinrin, àmọ́ ẹni tó gbé ike kan sójú fèrèsé tó wá ká nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò, ẹ̀fọn ló ń pè wálé.

Ní Brazil, alfavaca ni wọ́n ń pè é, ó sì wà lára ewé tí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé fi ń wẹ̀. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ bá a lára mu. Ìlú Ọba ni ìṣòro wà, nítorí yìnyín ń pa á. Àwọn èèyàn wa níbẹ̀ á gbé ike rẹ̀ wọlé kí òtútù tó dé, wọ́n á gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń bà. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ á já a, á gbọ̀n ọ́n gbẹ, á sì kó o sínú fírísà. Dúdú ni ewé náà máa ń jáde, kò ṣeé fi tọrọ ìyìn lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n bí a bá jù ú sínú ọbẹ̀ ata ẹja àrọ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí a sọ ọ́ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá tútù ni tàbí ti fírísà.