Nígbà tí Irinṣẹ́ Tuntun bá Kọ Iṣẹ́ Àtijọ́

Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í pààrọ̀ irinṣẹ́ rẹ̀. Káfíńtà a máa ra ayùn tuntun. Télọ̀ a máa fi ẹ̀rọ tuntun rọ́pò ògbólógbòó tí ń já òwú ní gbogbo ìgbà. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí iṣẹ́ yá, kí ó sì dán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ohun àràmàǹdà kan a máa ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n pààrọ̀ irinṣẹ́ wọn, iṣẹ́ tí ó ti ń lọ geere láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn a kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò lọ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́tà kan ṣoṣo kò yí padà nínú rẹ̀. Irinṣẹ́ nìkan ni ó yí padà. Ta ni kí a wá dá lẹ́bi?

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí ènìyàn ń kọ kọ́ ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́. Ènìyàn a kọ ètò rẹ̀ ní èdè kan bí C, tí Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò gbọ́ ju 0 àti 1 lọ. Nítorí náà ni a ṣe ní láti wá ògbufọ̀ sí àárín àwọn méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ ti í dúró láàrin adájọ́ àti ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ògbufọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpáílà. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn púpọ̀ nínú wọn ni GCC, èyí tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1987. A kì í sì í kọ ètò ńlá sínú fáìlì kan ṣoṣo. Fáìlì rẹ̀ lè tó ọgọ́rùn-ún, ó tilẹ̀ lè ju ẹgbẹ̀rún lọ. Kọ̀ǹpáílà a túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn èyí ni irinṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ líńkà yóò so wọ́n pọ̀ di odindi.

Níbi ìsopọ̀ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti kọsẹ̀ nígbà tí GCC 10 jáde ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Nínú ètò C, ibi tí a ń fi iye pamọ́ sí dà bí àpótí tí a kọ orúkọ sí lára. Bí ọ̀pọ̀ fáìlì bá fẹ́ lo àpótí kan náà, òfin ni pé kí fáìlì kan ṣoṣo jẹ́ onílé, kí àwọn yòókù sì kọ ọ̀rọ̀ náà «extern» síwájú orúkọ rẹ̀, láti fi hàn pé ibòmíràn ni àpótí náà wà, pé àwọn kàn ń yá a lò ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ kékeré yìí. GCC àtijọ́ kò bá wọn wí. Bí fáìlì méjì bá pe ara wọn ní onílé àpótí kan, tí wọn kò sì fi iye kankan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, líńkà a da àpótí méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan láìsọ̀rọ̀. GCC 10 ni ó fi òpin sí àánú yìí.

Linux pàápàá kò yọ nínú rẹ̀, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, tí ó sì wà nínú gbogbo fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Láàrin àwọn ohun èlò tí a fi ń to Linux pọ̀ ni ètò kékeré kan wà tí ń jẹ́ dtc. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka àkọsílẹ̀ tí ó sọ irú ẹ̀yà ara tí ẹ̀rọ kan ní. Fáìlì kan nínú rẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èkejì ń to àwọn ọ̀rọ̀ náà di gbólóhùn. Àwọn méjèèjì ní láti mọ ìlà tí kíkà dé, nítorí náà àwọn méjèèjì ní àpótí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ yylloc, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń pe ara rẹ̀ ní onílé. Ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a gbé GCC 10 dé, líńkà kígbe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé «multiple definition of yylloc», èyí ni pé yylloc ti di méjì, ó sì dá iṣẹ́ dúró. Ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè rò pé Linux ti bàjẹ́ láti ìpìlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí a pa ìlà kan ṣoṣo rẹ́ nínú fáìlì tí ń ka ọ̀rọ̀, kí èkejì sì máa jẹ́ onílé lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ ti ń lọ tẹ́lẹ̀, kí ni ó burú nínú àánú GCC àtijọ́? Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ẹni méjì jọ ń kọ ètò fún ilé ìfowópamọ́ kan. Ọ̀kan ní àpótí tí ó pè ní «iye», ó fi ń ka iye àwọn oníbàárà. Èkejì, tí kò mọ̀ pé ẹnìkan ti lo orúkọ náà, tún pe àpótí tirẹ̀ ní «iye», ó fi ń ṣe ìṣirò owó. Kọ̀ǹpáílà àtijọ́ lè sọ méjèèjì di ọ̀kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí oníbàárà kan bá wọlé, owó yí padà. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Ògbufọ̀ tí ń bá ẹlẹ́rìí tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe láìsọ fún adájọ́ kò ṣe ẹlẹ́rìí náà lóore.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó dúró kì í ṣe ohun eré. Ilé iṣẹ́ tí kò lè to ètò rẹ̀ pọ̀ mọ́ kò lè fi àtúnṣe kankan ránṣẹ́ sí àwọn tí ń lò ó. Bí olè bá sì ti rí ihò nínú ètò náà, ihò náà yóò wà ní ṣíṣí ni. Ohun àkọ́kọ́ tí ó tọ́ ni kí a kó gbogbo ìtumọ̀ àtijọ́ tí ó ṣẹ́ kù nínú àpò iṣẹ́ dànù, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí nígbà mìíràn àdàlù ti àtijọ́ àti ti tuntun ni ó ń fa ìjà. Bí ó bá tún kọ̀, kí a ka ìròyìn àṣìṣe tí ó kọ́kọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ a máa sáré lọ ka èyí tí ó gbẹ̀yìn, nítorí òun ni ojú wọn rí lórí gíláàsì. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan a máa bí ogún, àwọn ọmọ ni ó sì ń wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a lọ wo ìwé ìtọ́nisọ́nà tí àwọn tí ń ṣe GCC máa ń gbé jáde pẹ̀lú ẹ̀dà ńlá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ «extern» wà nínú ti GCC 10 kedere. Ìyàlẹ́nu ni bí àwọn tí ń kà á ti kéré tó.

GCC 10 kò kúkú ti ilẹ̀kùn pa. Ẹni tí ó bá fi -fcommon kún àṣẹ tí ó fi ń pe kọ̀ǹpáílà yóò rí i pé yóò padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́. Èyí wúlò fún ẹni tí iṣẹ́ ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì ní àṣẹ láti tún un ṣe, tàbí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ jíṣẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi wé ọgbẹ́ ni, kì í ṣe oògùn. Ti ẹni tí ó bá padà sí irinṣẹ́ àtijọ́ pátápátá tún burú ju èyí lọ, nítorí lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní tún irinṣẹ́ náà ṣe mọ́.

Ìyípadà kan tí ó tún le ju ti àpótí lọ dé pẹ̀lú GCC 14 ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ètò C a máa ní àwọn ìránṣẹ́ tí a ń fi orúkọ pè. Ọ̀kan nínú wọn ni getenv, tí ń mú àdírẹ́sì bọ̀ wá fún ẹni tí ó rán an. Láyé àtijọ́, bí a bá pe ìránṣẹ́ tí a kò ṣàlàyé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpáílà a rò pé nọ́ńbà lásán ni yóò mú bọ̀. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jẹ́ bíìtì 32, àdírẹ́sì sì jẹ́ 64; nítorí náà ìdajì àdírẹ́sì lè já dànù lọ́nà. Òfin C ti ọdún 1999 ti fagi lé àṣà yìí, ṣùgbọ́n GCC kò ju ìkìlọ̀ lọ títí di ọdún 2024, nígbà tí ó sọ ọ́ di àṣìṣe tí ń dá iṣẹ́ dúró. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a kọ orúkọ fáìlì tí àlàyé ìránṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀ sí òkè iṣẹ́, ti getenv ni stdlib.h.

Ibi tí ó ti ń fi ara pamọ́ ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ kan tí ń jẹ́ configure, tí í kọ́kọ́ dán kọ̀ǹpútà wò: a kọ ètò kéékèèké, a ní kí kọ̀ǹpáílà túmọ̀ wọn, èyí tí ó bá kọ̀, a gbà pé ohun tí a ń wá kò sí lórí kọ̀ǹpútà náà. Bí ètò ìdánwò fúnra rẹ̀ bá pe ìránṣẹ́ tí a kò ṣàlàyé, GCC 14 yóò kọ̀ ọ́, configure yóò sì kọ̀wé pé ohun náà kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Iṣẹ́ yóò parí láìsí igbe kankan, ṣùgbọ́n apá kan yóò ti nù lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá fura ni yóò ṣí fáìlì tí ń jẹ́ config.log, níbi tí a kọ gbogbo ìdánwò sí, tí yóò sì fi ti GCC tuntun wé ti àtijọ́ ní ìlà kan tẹ̀ lé èkejì.