Ẹ̀rọ Olùṣọ́ Tí Kì í Sùn



Uranium ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń lò láti fi agbára átọ́ọ̀mù ṣe iná mànàmáná. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa di plutonium. Ewu wà níbẹ̀. Plutonium kìlógíráàmù 8 péré ni Àjọ Àgbáyé fún Agábára Átọ́ọ̀mù kà sí ìwọ̀n tí ó lè tó fi ṣe bọ́ǹbù kan. Àjọ yìí, tí a dá sílẹ̀ ní 1957, tí ó fi ìlú Vienna ṣe ibùjókòó, ni ó ń ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má baà yọ́ ọ kó.

Ní ilẹ̀ Kánádà, irú iléeṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní CANDU. Wọn kì í pa iná rẹ̀ kí wọn tó yọ uranium tí wọ́n ti lò. Ọ̀sán ni o, òru ni o, wọ́n lè yọ ọ́. Ta ni yóò dúró tì í tọ̀sán-tòru, níbi tí ìtànṣán rẹ̀ ti lè pa ènìyàn? Ẹ̀rọ ni a fi ṣọ́ ibẹ̀.

Ìtànṣán yìí kò ṣeé fojú rí, kò sì ní òórùn. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ wo èyí tí Geiger àti Müller ṣe ní Jámánì ní 1928. Páìpù kékeré ni, a dé e lórí dé e nídìí. Irú afẹ́fẹ́ kan wà nínú rẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná sì wà láàrin. Bí ìtànṣán bá ti gba inú afẹ́fẹ́ náà kọjá, iná a ṣẹ́ pàrà lórí wáyà, ẹ̀rọ a sì kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Oríṣi ẹ̀rọ mìíràn ti dé lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kíkà náà ni iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá yọ uranium tí wọ́n ti lò, iye náà a fò sókè, ẹ̀rọ a sì kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀.

Bí onílé bá fẹ́ sọ ẹ̀rọ di òpùrọ́ ńkọ́? Èdìdì wà lára àpótí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣí i, àmì a hàn. Bí iná bá lọ, bátìrì a gba iṣẹ́ ṣe. Níbi tí ẹ̀rọ ti ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí òkèèrè, ó ń fi àmì àṣírí sí i. Bí a bá yí ẹyọ nọ́ńbà kan padà lọ́nà, àmì náà kò ní bá a mu mọ́.

Àwọn olùbẹ̀wò ṣì ń lọ, nítorí ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bí ìwé iléeṣẹ́ bá wí pé ìdì 10 ni a yọ, tí ẹ̀rọ sì ka 11, wọn yóò béèrè pé: ìkọkànlá dà?