Ọ̀dà lè bo ògiri, kò lè bo òjò! Ohun tójú ń rí nídìí ilé títà n'Ílọrin

Kò sí ìlú ńlá tẹ́ ẹ máa dé nílẹ̀ Nàìjíríà tẹ́ ẹ ò ní í rí ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà lédè òyìnbó pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ọ̀dà pupa ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, káwọn gbájúẹ̀ má baà lọ fi ilé onílé lu èèyàn ní jìbìtì nígbà tónílé ò bá sí nítòsí. Wọ́n ń kọ irú ẹ̀ n'Ílọrin náà. Àmọ́ ilé tó wà fún títà gan-an ò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣe ló máa ń múra bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á to òdòdó sẹ́nu géètì, wọ́n á fọ gíláàsì fèrèsé, wọ́n á tan gbogbo iná tó wà níbẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rín á sì gba ẹnu ẹ̀ kan.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn rí. Ẹni tó fẹ́ rà á, owó tó fi ogún ọdún kó jọ ló wà nílẹ̀ yẹn. Ẹni tó fẹ́ tà á náà, ó lè jẹ́ owó iṣẹ́ abẹ tàbí owó ilé-ìwé ọmọ ló ń wá. Kò sẹ́ni tó ń ṣeré nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò fi sọ́kàn ni pé oṣù tí wọ́n bá lọ wo ilé ló máa sọ irú ilé tí wọ́n máa rí. Ilé kan náà ni o, àmọ́ ojú méjì ló ní: ojú ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀tọ̀, ojú òjò ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un bí ọdún ṣe ń lọ. Nǹkan bí oṣù kẹrin ni òjò máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ n'Ílọrin, á sì máa rọ̀ títí di oṣù kẹwàá, àfi ìgbà díẹ̀ tó máa ń sinmi nínú oṣù kẹjọ. Láti oṣù kọkànlá, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Tó bá fi máa di àsìkò Kérésìmesì, ọyẹ́ á ti dé. Atẹ́gùn aginjù Sàhárà ló ń gbé e bọ̀, ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, lórílẹ̀-èdè Chad, sì ni púpọ̀ nínú eruku ẹ̀ ti ń gbéra. Ẹ ò rí nǹkan! Eruku tó ti Chad gbéra ló ń wá bà sórí àga tí wọ́n fẹ́ fi ta ilé ní Tanke àti Adéwọlé.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn yìí lọ̀pọ̀ onílé fẹ́ràn láti ta ilé, wọn ò sì jẹ̀bi. Mọ́tò á dé ẹnu géètì láì rì sínú ẹrẹ̀. Ọ̀dà á tètè gbẹ. Àwọn ọmọ Ìlọrin tó wà l'Ékòó, l'Ábújá àti lókè òkun á wálé wá ṣọdún, owó á sì wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Lékè gbogbo ẹ̀, páànù tó ti lu ò ní í rí òjò tó máa tú àṣírí ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ilé han èèyàn nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá ẹ̀ àkọ́kọ́. Kó fọ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, kó nu orí fáànù, kó gbá orí páànù, kó sì tún ṣe gbogbo ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, torí iṣẹ́ àná ti dòfo. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ̀dà dáadáa kì í kun ìta ilé lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ gan-an. Eruku á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà kó tó gbẹ, ògiri á wá rí bíi bébà tí kápẹ́ńtà fi ń họ pákó. Nítorí ilẹ̀ pupa tó wà n'Ílọrin, ọ̀dà tó dúdú díẹ̀ ló yẹ ìsàlẹ̀ ògiri, ibi tí eruku àti ẹrẹ̀ máa ń ta sí. Òdòdó náà, ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa bomi rin ín, torí omi ọ̀sán gangan kì í pẹ́ lára ẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn náà ní àṣírí tó máa ń tú. Kànga ò gbọ́ tọ̀dà. Tó bá di oṣù kẹta, ẹni tó bá ju gúgà sínú kànga máa gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀: yálà omi ló máa dún, tàbí òkúta. Oṣù yẹn kan náà ni ooru máa ń mú jù, téèyàn á mọ̀ bóyá yàrá ń gba atẹ́gùn tàbí ààrò búrẹ́dì ni. Ilẹ̀ tó jẹ́ amọ̀ náà máa ń sún kì tó bá gbẹ, ìgbà yẹn ni ògiri àwọn ilé kan máa ń là. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ pílásítà lásán. Àmọ́ èyí tó bá ti igun fèrèsé gòkè bí àtẹ̀gùn, bíríkìlà gidi ló gbọ́dọ̀ wá wo ìpìlẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì dí i, tó kun ọ̀dà lé e, ọjọ́ ló kàn sún síwájú.

Òjò ní tiẹ̀ ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilé láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá, iṣẹ́ tiẹ̀ tún pọ̀ sí i. Koríko tí wọ́n ro lónìí á ti tún gbó kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Gọ́tà gbọ́dọ̀ mọ́ kí omi rọ́nà lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì họ àwọ̀ ewé tó máa ń yọ lára fẹ́ǹsì. Yàrá tí wọ́n tì pa á máa rùn, kò sì sí lọ́fínńdà tó lè bo òórùn ọ̀rinrin. Kí wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí oòrùn bá yọ, kí wọ́n sì fa bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sẹ́yìn díẹ̀ lára ògiri. Tí èsúnsún bá ń rọ́ yí iná ká lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ó dáa kí wọ́n wo férémù ilẹ̀kùn àti igi òrùlé, torí ikán ò jìnnà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ síílìn ló pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù. Tí òjò bá ti ya máàpù ilẹ̀ Áfíríkà sára síílìn, ọ̀dà funfun làwọn kan máa ń sáré lọ rà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù kí òjò rọ̀, máàpù á tún jáde, ó sì lè mú ti Éṣíà mọ́ ọn! Páànù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Bákan náà ni ọ̀dà tó ń bó nísàlẹ̀ ògiri. Omi ló ń gòkè láti inú ilẹ̀, bí epo ṣe ń gòkè lára òwú àtùpà. Tí wọn ò bá wá ọ̀nà míì fún omi yẹn, ọ̀dà tí wọ́n kùn lóṣù kẹfà á ti bó kí ọdún tó parí.

Síbẹ̀, òjò náà ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Lóṣù kẹjọ, kànga kún dẹ́nu, ooru ti lọ, eruku ò sí, ewéko tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá ra ilé lásìkò yẹn lè rò pé òun ti ra àlùjánnà. Ó di oṣù kẹta, ó wá ń tò sẹ́yìn mọ́tò tó ń ta omi.

Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó rà á lẹ́ẹ̀rùn níbi tí omi ń gbà. Odò Àsà ló la ìlú Ìlọrin já, ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ síbẹ̀ sì máa ń gbẹ táútáú lóṣù kìn-ín-ní bíi pé omi ò dé ibẹ̀ rí. Ká ní tíṣà kan fi owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ ra ilé níbẹ̀ lóṣù yẹn. Ilé ń dán, ó sanwó, ó kó wọlé. Ó di oṣù kẹsàn-án, omi wọ pálọ̀, bẹ́ẹ̀dì ń léfòó. Ta ló fẹ́ dá owó ẹ̀ padà? Ẹni tó tà á ti fi san owó ọsibítù. Àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn, lẹ́yìn ìyẹn kóòtù, ọ̀rẹ́ ti dọ̀tá nìyẹn.

Lápá ìwọ̀ oòrùn odò náà ni ìlú àtijọ́ wà, níbi tí Ọjà-Ọba, ààfin Ẹ́míà àtàwọn agboolé ńláńlá wà. Ilé amọ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì pa lójú. Sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ kì í sún pọ̀, kì í wú pọ̀. Tí omi bá ti ráyè wọ àárín wọn, ojú ilé á máa dán, inú ògiri á máa rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀, kó fi ọwọ́ kan ògiri náà kókó, kó sì gbọ́ bó ṣe ń dún. Ibi tó bá dún bí agbè òfìfo, nǹkan wà níbẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ilé ogún. Tí wọ́n bá pín in nílànà ẹ̀sìn Islam, ìpín ọmọkùnrin jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin, ìyàwó olóògbé náà sì ní tiẹ̀. Ilé ò ṣeé gé bíi búrẹ́dì, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tà á kí wọ́n lè pín owó. Tí ẹ̀gbọ́n bá kun ilé tó ń dán, tí àbúrò obìnrin tó wà nílé ọkọ ò sì mọ̀ sí i, ọjà ìjà ni wọ́n pàtẹ yẹn. Ti ìwé náà ò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé ẹni tó ní C of O gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà kó tó gbé e fún ẹlòmíì. Lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí fi yé gbogbo èèyàn pé òfo ni ìwé tí wọ́n fi ilẹ̀ dúró fún owó yíyá láì gba àṣẹ yẹn.

Kì í ṣe Ìlọrin nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kí wọ́n tó tà á. L'Ámẹ́ríkà, iṣẹ́ gidi ni. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Barb Schwarz, tó ń bá wọn ta ilé lágbègbè Seattle, lọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1972. Wọ́n á kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà nígbà òtútù, wọ́n á gbin òdòdó tí ilẹ̀ bá móoru, wọ́n á sì gbé fọ́tò ilé náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sórí tábìlì fún ẹni tó wá lásìkò yìnyín. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ́hùn-ún, òfin tún sọ pé kónílé kọ gbogbo àléébù tó mọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ọ̀ṣọ́ ò ní kí wọ́n má sọ òótọ́.

Ìlọrin tó kún fún àáfà ò sì gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ìyẹn lọ́wọ́ òyìnbó. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, Ànábì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ọwọ́ ẹ̀ sì kan ibi tó tutù nísàlẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní òjò ló pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tó tutù sókè káwọn èèyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ẹ wò ó dáadáa: òjò ni wọ́n ń fi ọ̀dá bò mọ́lẹ̀ látijọ́, òun náà ni wọ́n ń fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀ lónìí. Òfin ẹ̀sìn náà sì fún ẹni tó rajà láyè láti dá a padà tó bá rí àléébù tí wọ́n fi pa mọ́ fún un.

Yàtọ̀ sí ọ̀run, èrè wà níbẹ̀ nílé ayé náà. Ká ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ẹgbẹ̀rún náírà ló máa tún páànù ṣe. Tónílé bá tún un ṣe, tó sì fi rìsíìtì han oníbàárà, ọ̀rọ̀ parí. Tí oníbàárà bá fúnra ẹ̀ rí i pé ó ń jò, kò ní í yọ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ẹgbẹ̀rún, mílíọ̀nù méjì ló máa yọ, torí á máa rò pé bóyá àṣírí míì tún wà ńlẹ̀. Ìfura ló ń dín owó ilé kù ju jíjò lọ.

Ẹni tó bá ń ta ilé lẹ́ẹ̀rùn, kó ya fọ́tò àyíká ẹ̀ sílẹ̀ látìgbà òjò, kó sì mú un jáde. Ẹni tó bá ń tà á lójò, kó jẹ́ káwọn ayálégbé sọ ibi tí kànga máa ń dé lóṣù kẹta. Ẹni tó fẹ́ rà á, kó má wo ilé lẹ́ẹ̀kan. Kó wá lọ́sàn-án gangan, kó tún wá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Tí àyè ò bá sí láti dúró de òjò, kó wá ilà omi lára ògiri àwọn ilé tó wà ládùúgbò, kó sì ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà níkorítà. Ìyá yẹn mọ ilé tí omi ń wọ̀ ju ẹ́jẹ́ǹtì lọ, kò sì ní í gba ìdá kankan lórí ọgọ́rùn-ún.

Kí wọ́n kun ilé, ó dáa. Kí wọ́n gbin òdòdó, ó dáa. Àmọ́ ẹni tó bá tún páànù ṣe kó tó kun síílìn, òun ló máa ta ilé ẹ̀ tán, tí òjò á sì máa rọ̀ tí ọkàn ẹ̀ ò ní í já.