Àsìkò Ìtàn nínú Èdè Faransé: Ohun tí Ojú Ń Kà tí Ẹnu Kì Í Sọ



Àsìkò kan wà nínú èdè Faransé tí àwọn elédè náà ń pè ní "passé simple". Ènìyàn lè gbé ìlú Paris fún ọdún púpọ̀ kí ó má fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí ìwé ìtàn àròsọ, kò ní í pẹ́ kí ó tó pàdé rẹ̀. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sọ èdè Faransé geerege fi máa ń kọsẹ̀ nígbà tí ìwé bá délẹ̀. Ó mọ̀ pé "il a vu" ni 'ó rí'. Nígbà tí ó bá kan "il vit", ó rò pé wọ́n ń sọ pé ẹni náà wà láàyè. Ìwé a sú u, a sì pa á dé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé àsìkò yìí kò le tó bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù bà wá; pé dídá a mọ̀ nínú ìwé ni ó yẹ kí á kọ́ ṣáájú kíkọ ọ́ sílẹ̀; àti pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ti ní kọ́kọ́rọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

1. Orúkọ àti Orírun Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ náà "simple" kò sọ pé ó rọrùn. Ohun tí ó ń tọ́ka sí ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: "il parla", 'ó sọ̀rọ̀'. Èkejì rẹ̀, "passé composé", jẹ́ àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ méjì, aṣèrànwọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an: "il a parlé". Inú èdè Látìn ni èyí tí à ń sọ yìí ti ṣẹ̀ wá. "Vidi" ti Látìn ni ó di "vis", 'mo rí'. "Feci" di "fis", 'mo ṣe'. "Fui" di "fus", 'mo jẹ́' tàbí 'mo wà'.

Nígbà kan rí, ẹnu ń sọ méjèèjì, olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìwé gírámà tí Arnauld àti Lancelot ti Port-Royal gbé jáde ní ọdún 1660 ṣe é lófin pé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú òní nìkan ni kí á fi passé simple sọ. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lónìí, ti passé composé ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni èkejì ń gba ilẹ̀ mọ́ èkíní lọ́wọ́, títí tí passé simple fi kúrò nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ilé tí ó kù fún un ni ìwé: ìtàn àròsọ, ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé, ìtàn ìgbésí-ayé ẹni ńlá, àti àlọ́ ọmọdé.

2. Bí Ó Ṣe Ń Yí Padà

Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà nítorí olùwà: mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ. Ti Faransé kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, agbo mẹ́rin péré ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọn pín sí ní àsìkò yìí. Mo to agbo kọ̀ọ̀kan bí àwa náà ṣe ń tò ó, láti 'mo' dé 'wọ́n':

Agbo kìíní (parler, 'sọ̀rọ̀'): parlai, parlas, parla, parlâmes, parlâtes, parlèrent.

Agbo kejì (finir, 'parí'): finis, finis, finit, finîmes, finîtes, finirent.

Agbo kẹta (vouloir, 'fẹ́'): voulus, voulus, voulut, voulûmes, voulûtes, voulurent.

Agbo kẹrin (venir, 'wá'): vins, vins, vint, vînmes, vîntes, vinrent.

Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó parí sí "-er" ni ó wà ní agbo kìíní. "Aller", 'lọ', tí ó máa ń ṣe oríkunkun ní àsìkò mìíràn, gba ìjánu níhìn-ín: "il alla". Agbo kejì ni "faire" (il fit), "voir" (il vit), "prendre" (il prit) àti "dire" (il dit) wà. Agbo kẹta ni "être" (il fut) àti "avoir" (il eut) wà. Agbo kẹrin kò ju ilé venir àti tenir lọ, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá lára wọn bíi "devenir" àti "obtenir".

Ẹni tí ó mọ passé composé lè fi ibẹ̀ wá ọ̀nà: "lu" ń tọ́ka sí "il lut", 'ó kàwé', "mis" ń tọ́ka sí "il mit", 'ó fi sí'. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra, nítorí "vu" kò fún wa ní ohun mìíràn ju "il vit" lọ, "vendu" fún wa ní "il vendit", "né" sì fún wa ní "il naquit", 'a bí i'.

Àmì tí ó dà bí òrùlé lórí fáwẹ̀lì ní ìdí tirẹ̀. Nínú "vous chantâtes", ẹ̀yin kọrin, ó dúró fún "s" tí wọ́n ń kọ láyé àtijọ́, "chantastes". Ti "nous" kò ní "s" yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ni ó wò ṣe.

Ọ̀fìn mélòó kan wà lójú ọ̀nà. "Il finit" àti "il dit" rí bákan náà ní àsìkò ìsinsìnyí àti ní àsìkò ìtàn. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yí wọn ká ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́. "Il vit" lè jẹ́ 'ó rí', ó sì lè jẹ́ 'ó wà láàyè' láti ara "vivre". Ṣùgbọ́n àsìkò ìtàn ti "vivre" fúnra rẹ̀ ni "il vécut".

Nínú gbogbo ìrísí wọ̀nyí, ti 'ó' àti ti 'wọ́n' ni ìwé ń lò jù lọ, nítorí ìtàn ẹlòmíràn ni a sábà máa ń sọ. Ètò-ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2016 tilẹ̀ ní kí àwọn ọmọ kéékèèké mú ti ẹnìkẹta nìkan kọ́ ná. Bí ọmọ onílé bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ni ó ń lé àlejò?

3. Iṣẹ́ tí Ó Ń Ṣe nínú Ìtàn

Ẹ jẹ́ kí á wo gbólóhùn yìí: "La pluie tombait. Le vieux prit son bâton, ouvrit la porte et sortit." Yorùbá rẹ̀ ni: Òjò ń rọ̀. Bàbá arúgbó náà mú ọ̀pá rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì jáde.

Ẹ ṣe àkíyèsí "ń". "Tombait" wà ní àsìkò tí wọ́n ń pè ní "imparfait", èyí tí ó ń ṣe iṣẹ́ ibá atẹ́rẹrẹ àti ti bárakú tiwa pọ̀: òjò ń rọ̀, tàbí òjò a máa rọ̀. "Prit", "ouvrit" àti "sortit" kò ní "ń" nínú Yorùbá. Ìṣe mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀kan parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń ti ìtàn síwájú. Níbi tí apàlọ́ wa bá ti lo ọ̀rọ̀-ìṣe lásán, láìsí "ń", láìsí "máa", ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé Faransé ti ń lo passé simple.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ti àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń sọ nípa ipò dípò ìṣe. "Il avait peur" ni 'ẹ̀rù ń bà á'. "Il eut peur" ni 'ẹ̀rù bà á' lójú ẹsẹ̀. "Il savait" ni 'ó mọ̀' tẹ́lẹ̀. "Il sut" ni 'ó wá mọ̀'. "Mọ̀" tiwa kì í gba "ń" ní irú ibí yìí, nítorí náà "wá" ni a fi ń sọ pé ìmọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òǹkàwé tí kò bá rí ìyàtọ̀ "savait" àti "sut" kò ní í mọ ìgbà tí ọkọ inú ìtàn gbọ́ àṣírí ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà lè so rọ̀ sí.

4. Bí Ó Bá Parẹ́, Kí Ni A Ó Pàdánù?

Ní ọdún 1959, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Émile Benveniste ṣe àlàyé pé àsìkò méjèèjì kò bá ara wọn du àyè. Passé composé jẹ́ ti ẹni tí ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, èmi sí ìwọ; passé simple jẹ́ ti ìtàn tí ó dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ara rẹ̀, tí a kò rí asọ̀tàn. Albert Camus mọ̀ọ́mọ̀ fi passé composé kọ "L'Étranger" ní ọdún 1942, ìwé náà sì dún létí bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń ròyìn lásán. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí Camus kọ̀ láti lò kò lè mọ rírì ohun tí ó lò.

Ní ọ̀rúndún tí a wà yìí, wọ́n yọ passé simple kúrò nínú ẹ̀dà tuntun ìwé àwọn ọmọdé "Le Club des cinq", ìtumọ̀ ìwé Enid Blyton, wọ́n sì fi àsìkò ìsinsìnyí rọ́pò rẹ̀. Àwọn òbí kan bínú. Èmi náà kò bá a dọ́gba, nítorí inú àlọ́ ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ mọ àsìkò yìí. Bí a bá gbà á kúrò níbẹ̀, ìwé àwọn bàbá rẹ̀ yóò di èdè àjèjì sí i.

5. Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Èdè Faransé ni èdè ilé-ìwé àwọn ará wa ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, inú rẹ̀ sì ni a ti kọ púpọ̀ nínú ìwé ilẹ̀ Áfíríkà, bíi "L'Enfant noir" tí Camara Laye gbé jáde ní ọdún 1953. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin olùkọ́ ni pé kí ẹ má ṣe fi àsìkò yìí pamọ́ di ọdún ìkẹyìn. Ẹ kọ́kọ́ fi ti 'ó' àti 'wọ́n' han akẹ́kọ̀ọ́, agbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jẹ́ kí ó fi ìtumọ̀ Yorùbá dán an wò bóyá "ń" wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ìtàn kúkúrú lé e lọ́wọ́. Ìrísí yòókù yóò wá bí ó bá ti ń kàwé. Ẹnu rẹ̀ lè má sọ ọ́ láé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní í fọ́ sí i mọ́.