Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́: Kí ló dé táwọn kan fi ń jí òkú irin dìde?

Láàárọ̀ Sátidé, létí adágún omi kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà, tàbí lẹ́bàá odò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ohun tuntun kéèyàn rí bàbá àgbàlagbà kan tó dúró ti dọ́rọ́ọ̀mù omi, tó ń fa okùn ẹ́ńjìnnì tó dàgbà ju òun gan-an lọ. Á fà á lẹ́ẹ̀kan, kò ní dáhùn. Á fà á lẹ́ẹ̀kejì, á wúkọ́ díẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, èéfín á bo gbogbo ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Inú bàbá náà á wá dùn bíi ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kì í ṣe pé kò rówó ra tuntun o. Ohun tó fi ń najú ni. Bí àwọn kan ṣe ń tún mọ́tò ayé àtijọ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ làwọn kan ń wá ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, èyí tí wọ́n ti pa tì fún ọgbọ̀n tàbí àádọ́ta ọdún, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì jẹ́ kó tún ṣiṣẹ́.

Àwọn ará Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì, Makoko àti Ìlàjẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú ẹ́ńjìnnì yìí fún wọn. Irú ẹ̀ ló ń gbé èrò àti ẹja lójoojúmọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé oúnjẹ òòjọ́ ni lọ́dọ̀ tiwa, eré ọwọ́dilẹ̀ sì ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Níbo ni ẹ́ńjìnnì yìí ti bẹ̀rẹ̀?

Orúkọ táwọn tó fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ máa ń kọ́kọ́ dá ni Ole Evinrude. Orílẹ̀-èdè Norway ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1877, àwọn òbí ẹ̀ sì kó lọ sí Wisconsin nígbà tó ṣì kéré. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa ẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú gan-an ní 1906, òun àti Bess, ọmọbìnrin tó padà di ìyàwó ẹ̀, lọ ṣeré ní erékùṣù kan láàárín adágún Okauchee. Bess ní áísìkiriìmù ló wu òun. Ole bá wọ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ wà á lọ sí èbúté, ó sì tún wà á padà. Kó tó dé, áísìkiriìmù ti yọ́ di omi. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà téèyàn lè dè mọ́ ìdí ọkọ̀ kéékèèké.

Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó dán an wò. Cameron Waterman ti ń ta tiẹ̀ ní Detroit kí Evinrude tó dé ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí í ta tiẹ̀ ní 1909, tiẹ̀ ló wá gbòde. Agbára ẹ̀ ò ju ẹṣin kan àtààbọ̀ lọ. Bess ló ń kọ ìpolówó ọjà náà, òun ló sì ń bójú tó ìwé owó.

Lẹ́yìn náà làwọn mìíràn dé. Àwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò Johnson jáde láti ìpínlẹ̀ Indiana láàárín ọdún 1920 sí 1930. Carl Kiekhaefer bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ tó di Mercury ní Wisconsin ní 1939. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Seagull ló gba ìgboro kan, ẹ́ńjìnnì tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára, tí wọ́n ń fi okùn tó ní kókó lẹ́nu wé lórí kí wọ́n tó fà á.

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe wàhálà yìí?

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ó ṣeé ṣe. Ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ ò ní kọ̀ǹpútà nínú. Èèyàn lè gbé e sórí tábìlì, kó fi sípánà díẹ̀ àti súúrù púpọ̀ tú u títí dé písítìn. Gbogbo ohun tó ń ṣe ló hàn sójú.

Ìdí kejì ni pé àwọn tó ń ṣe é ń kásẹ̀ nílẹ̀. Iléeṣẹ́ OMC, tó ni Evinrude àti Johnson, wọ gbèsè débi pé wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2000. Iléeṣẹ́ mìíràn ra orúkọ náà, àmọ́ nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2020, BRP tó ni ín nígbà náà kéde pé àwọn ò ní ṣe ẹ́ńjìnnì Evinrude mọ́. Seagull náà ti dákẹ́ láti nǹkan bí àárín ọdún 1990 sí 2000. Ìyẹn ni pé bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe bá kú láì kọ́ ẹlòmíì, ìmọ̀ náà bá a lọ nìyẹn. Ìdí ẹ̀ nìyí táwọn olólùfẹ́ ẹ́ńjìnnì yìí fi dá ẹgbẹ́ Antique Outboard Motor Club sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 1965, kí wọ́n lè máa pín ìwé, ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì àti ọgbọ́n láàárín ara wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀?

Àṣìṣe tí ọ̀gbẹ̀rì máa ń ṣe ni pé kó sáré fa okùn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á sì fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ irin tó wà lórí ẹ́ńjìnnì wò jẹ́jẹ́. Tí kò bá yí, á jẹ́ pé písítìn ti lẹ̀ mọ́ inú. Wọn ò ní fi òòlù lù ú. Wọ́n á da ọ́ìlì tó ń wọnú ìpẹtà sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á tún gbìyànjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Tó bá ti ń yí, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń wá: kí písítìn lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa, kí iná jáde, kí epo sì dé ibi tó yẹ. Ẹ́ńjìnnì tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò sì jó, ó ṣọ̀wọ́n.

Iná: Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní bátìrì. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lára kẹ̀kẹ́ irin náà ló ń bá kọ́ìlì ṣiṣẹ́ láti mú iná jáde. Nínú ọ̀pọ̀ Johnson àti Evinrude tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1950 sí 1960, kọ́ìlì yìí máa ń sán, ọ̀rinrin á sì wọ̀ ọ́. Tó bá ti sán, kò sí oògùn, àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n á tún nu ojú irin kékeré méjì tó ń kanra tó ń tú ká, torí pé ìdọ̀tí díẹ̀ níbẹ̀ ti tó láti pa iná. Kí wọ́n tó gbà pé iná ti dára, wọ́n á wò ó bóyá ó lè fo àlàfo tó tó ìdá mẹ́rin íǹṣì.

Epo: Epo tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú kábúrétọ̀ láti ọdún gbọọrọ máa ń di nǹkan dúdú tó ń lẹ̀. Wọ́n á tú u, wọ́n á fọ gbogbo ihò ẹ̀, wọ́n á sì pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ohun kan tún wà níbẹ̀: léfòó tó wà nínú kábúrétọ̀ àtijọ́, kọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi ọ̀dà kan bò ó. Ethanol tí wọ́n ń pò mọ́ epo l'Amẹ́ríkà lónìí máa ń jẹ ọ̀dà náà. Kọ́ọ̀kì á fa epo mu, á rì, epo á sì máa ya jáde.

Omi: Omi tí ẹ́ńjìnnì wà nínú ẹ̀ ló fi ń tu ara ẹ̀. Rọ́bà kékeré kan tó rí bí òdòdó ló ń fa omi náà sókè. Tí rọ́bà yìí bá ti gbẹ, ẹ́ńjìnnì á gbóná títí á fi bàjẹ́. Ìdí ẹ̀ nìyí tí wọn kì í fi í tan án lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí wọ́n fi ń lo dọ́rọ́ọ̀mù omi. Tó bá ti jó, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ wò ni bóyá omi ń jáde.

Ọ́ìlì mélòó nínú epo mélòó?

Ibí yìí ló ti ń pa ẹ́ńjìnnì púpọ̀. Inú epo ni wọ́n ti ń po ọ́ìlì mọ́ ọn, kò sí ibòmíì tó ti ń rí ọ́ìlì. Ẹni tó bá ń lo ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé lè ti mọ́ra pẹ̀lú ọ́ìlì líta 1 sínú epo líta 50. Tó bá po irú ẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe kí ọdún 1960 tó pé, ó lè pa á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ líta 1 sínú 24, àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ fẹ́ líta 1 sínú 16, àwọn kan nínú Seagull àtijọ́ sì ń béèrè líta 1 sínú 10. Tí ọ́ìlì ò bá tó, irin á máa jẹ irin. Ìdí ẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń wá nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ra epo rárá, kí wọ́n lè mọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

Wọ́n tún máa ń wo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀, níbi tí jíà wà. Tó bá ti funfun bíi mílíìkì, omi ti ń wọlé. Nínú Johnson tàbí Evinrude, ìyẹn túmọ̀ sí pé rọ́bà tó dí i ti jẹ. Ṣùgbọ́n nínú Seagull, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: omi díẹ̀ máa ń wọ ibẹ̀, kò sì ń pa á.

Píìnì kékeré tó ń gba ńlá là

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, píìnì kan ló so abẹ tó ń yí lábẹ́ omi mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe píìnì náà kó rọ̀. Tí abẹ bá gbá òkúta tàbí kùkùté, píìnì á kán, jíà á sì bọ́. Àwọn kan á wá fi ìṣó líle pààrọ̀ ẹ̀ kó má baà kán mọ́. Lọ́jọ́ tí abẹ bá tún gbá nǹkan, jíà ló máa fọ́. Píìnì tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan ni wọ́n fẹ́ dáàbò bò, ni wọ́n bá fi ohun tó wọ́n jù dí i.

Ṣé kí wọ́n kùn ún tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀?

Àwọn kan fẹ́ kó máa dán bí ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ọ̀dà tó ti ṣá yẹn ni ìtàn ẹ̀, ẹni tó bá ha á kúrò, ó ti pa ìtàn náà rẹ́. Ìyàn yìí ò tíì parí. Ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí ni pé ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà èèyàn ò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ ní gbígbẹ kó máa fa eruku ẹ̀ símú. Omi ni wọ́n fi ń ra á.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Kẹ̀kẹ́ irin tó wà lórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sábà máa ń wà níhòòhò. Ó lè wé aṣọ tàbí irun mọ́ra ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èéfín ẹ̀ lè pa èèyàn nínú yàrá tí fèrèsé ò ṣí. Àwọn táǹkì epo kan tí wọ́n ń lò láàárín ọdún 1950 sí 1960 máa ń ní afẹ́fẹ́ tó ń tì í nínú. Tí páìpù ẹ̀ bá já, epo á tú síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ọ̀pọ̀ Seagull ò sì ní ibi tí wọ́n lè yọ jíà sí. Bó bá ṣe jó báyìí, ọkọ̀ ti ń lọ nìyẹn.

Omi náà ní tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Apá kan nínú epo tí irú ẹ́ńjìnnì yìí ń mu kì í jó, inú omi ló ń dà sí, ó sì lè tó ìdá mẹ́rin kan. Ìdí ẹ̀ nìyí tíjọba Amẹ́ríkà fi ṣòfin tuntun lórí ẹ̀ ní 1996, tí wọ́n sì dẹ́kun lílo ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ lórí adágún Tahoe láti 1999. Nítorí náà, àwọn tó mọyì omi kì í fi ẹ́ńjìnnì àtijọ́ rìn lójoojúmọ́. Wọ́n á gbé e jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tófin bá ti gbà á.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ó kàn wá. Àwọn mẹkáníìkì létí ọ̀sà wa ń ṣe iṣẹ́ yìí láràárọ̀, wọ́n ń fi ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì tó ti kú jí èyí tó wà láàyè. Kò sẹ́ni tó ń fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ, bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n táwọn kan ń fi owó wá kiri lókè òkun ló wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí kò sí ni àkọsílẹ̀.

Bó bá ṣe pé ẹ́ńjìnnì bàbá yín wà lẹ́yìnkùlé, kẹ́ ẹ tó gbé e fún àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ara ẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ yí i wò jẹ́jẹ́. Tó bá yí, ẹ pe mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín kan dúró tì í, kó máa wò. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì gbé e sójú omi, ẹ wọ láìfùjákẹ́ẹ̀tì, ẹ mú píìnì méjì dání, kẹ́ ẹ má sì gbàgbé àjẹ̀ nílé. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè pinnu láti sinmi nígbàkigbà.