Ọmọ ń tọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ó ti ń bàlágà! Kókó tí àtọ̀sí ajá ń hù sínú àpò ìtọ̀ rèé o

Bí ọmọkùnrin bá ń tọ̀, tí èyí tó kán gbẹ̀yìn wá pupa bí omi osùn, àwọn àgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rín ni wọ́n máa fi rín, wọ́n aá ní ọmọ ti ń di géńdé. Irọ́ gbuu! Àtọ̀sí ajá ni. Orúkọ yẹn gan-an ló ń kó ìtìjú bá àwọn òbí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àtọ̀sí tí wọ́n ń kó lára obìnrin rárá. Inú omi ni wọ́n ti ń kó o.

Aràn ló ń fà á. Dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, ló rí i lára òkú nílùú Káírò lọ́dún 1851. Inú ìgbín omi lọmọ aràn yìí ti ń dàgbà. Ẹni tó bá kẹsẹ̀ bọ omi náà, awọ ara ẹ̀ ló máa gbà wọlé. Bó bá gbó tán, akọ aá gbé abo mọ́ra nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká, ó di kí wọ́n máa yé ẹyin.

Ẹyin ọ̀hún nìjàngbọ̀n, ó lẹ́gùn-ún nídìí. Èyí tó bá ráyè aá já sínú ìtọ̀ tòun tẹ̀jẹ̀. Èyí tí ò ráyè aá há sára àpò ìtọ̀, ara aá gbógun tì í, ibẹ̀ aá wú, aá hu kókó bí olú ara igi. Kókó náà lè dínà ìtọ̀, kí kíndìnrín sì fara gbá a.

Ṣùgbọ́n kókó yìí fúnra ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Òògùn praziquantel ń pa aràn náà, ọ̀pọ̀ kókó bẹ́ẹ̀ sì máa ń súnkì lẹ́yìn ẹ̀. Kéèyàn fi í sílẹ̀ fọ́dún gbọọrọ ni ewu: lọ́dún 1994 ni IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, kéde pé aràn yìí ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Àwọn abúlé tó yí dáàmù Ọ̀yán ká nípìnlẹ̀ Ògùn mọ àìsàn yìí dáadáa. Omi tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n ń fọṣọ, tọ́mọdé ń lúwẹ̀ẹ́, òun náà ló ń dá wọn lóró. Ẹni tó lo òògùn tó tún padà sódò, aá tún kó o. Ẹni tó sì ń tọ̀ sódò, òun ló ń fi ẹyin ránṣẹ́ sí ìgbín.

Torí náà, kí ìyá tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ọmọ ẹ̀ má ṣe yọ̀ pé ọmọ ti dàgbà, kó má sì nà án. Kó gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò. Àgbàlagbà tó bá rí i, kóun náà má ṣe sọ pé àtọ̀sí ajá lásán ni, dókítà ló yẹ kó sọ èyí tó jẹ́.