Ẹjọ́ Ta Ni Agbẹjọ́rò Àgbà Ń Gbà Rò?

Lọ́dún 2022, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà pè mí láti Maryland: "Prof, a fẹ́ dìbò yan agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ wa. Ta ló yẹ kí n yàn?"

Lọ́dọ̀ tiwa, gómìnà ló ń yàn án. Ní ìpínlẹ̀ 43 lọ́hùn-ún, aráàlú ni. Nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, Anthony Brown tó ti ṣe igbákejì gómìnà rí ń bá Katie O'Malley tó ti ṣe adájọ́ rí du ipò náà. Ọ̀kan pẹ́ nínú ìṣèlú, èkejì pẹ́ ní kóòtù.

Mo ní, "Kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà ná." Ẹjọ́ olè àti ìpànìyàn, agbẹjọ́rò ìjọba tí àgbègbè kọ̀ọ̀kan yàn ló sábà ń gbé e lọ kóòtù. Agbẹjọ́rò àgbà ló ń gba ìjọba nímọ̀ràn, tó sì ń gbèjà oníbàárà lọ́wọ́ oníjìbìtì. Ẹni tó bá ń lérí pé òun á kó gbogbo olè sẹ́wọ̀n, iṣẹ́ oníṣẹ́ ló ń lérí lé.

Lẹ́yìn náà, wo ọ̀rọ̀ ọ̀hún: a-gba-ẹjọ́-rò. Bi wọ́n pé, "Bí gómìnà ẹgbẹ́ yín bá tẹ òfin lójú, ẹjọ́ ta lẹ máa gbà rò, tirẹ̀ ni àbí tiwa?" Ẹni tó bá kólòlò, fi í sílẹ̀.

Brown ló wọlé. Àwa tí a kì í dìbò yan tiwa ńkọ́? Apá 211 nínú ìwé òfin wa ti 1999 fún un lágbára láti dá ẹjọ́ ọ̀daràn dúró kí adájọ́ tó dá a. Ẹ jẹ́ káwa náà máa bi í.